Epo Ń Bẹ Nínú Èèpo: Bí A Ṣe Ń Yọ Òróró àti Pẹ́kítìn Lára Ọsàn Kí A Tó Da Ìyókù Nù

Bí ẹ bá gba inú ọjà Kútọ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń múra àtidé tí ọsàn sì pọ̀, imú yín ni yóò kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn ọlọ́sàn wà. Ìyá kan jókòó ti àtẹ, ọsàn ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo tín-ín-rín ń já bọ́ sínú abọ́ bí okùn tí a ń tú. Òórùn tó gba gbogbo ibẹ̀ yẹn, òróró ni. Ó ti kúrò nínú èèpo, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á gbá ìyókù jọ, ó di àkìtàn tàbí gọ́tà, òjò á sì wọ́ èyí tó wà ní gọ́tà lọ sínú odò Ògùn.

Ọṣẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta yìí, òróró atasánsán tí mò ń rà sínú ọṣẹ ló sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ èèpo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Òróró ni a ń kọ́kọ́ yọ, pẹ́kítìn, ìyẹn ohun tó ń mú kí jáàmù dì, ló kàn, oúnjẹ ẹran tàbí ilẹ̀dú ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sá èèpo sóòrùn ti sọ òróró nù. Ẹni tó bá sì da èèpo tútù sínú kòtò ilẹ̀dú yóò rí i pé kì í tètè jẹrà, torí limonene tó kún inú òróró náà máa ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó yẹ kó jẹ ẹ́ rà.

Awọ méjì ni ọsàn ní

Awọ òde, èyí tó dúdú bí ewé tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, ni àpò òróró kéékèèké wà. Ẹ mú èèpo tútù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ po níwájú iná àbẹ́là, ẹ ó rí i bí yóò ṣe ta pàrà. Awọ inú funfun, ó sì rọ̀ fùkẹ̀fùkẹ̀. Òróró kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ pẹ́kítìn pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní láti ra ẹ̀rọ tí yóò ha awọ òde kúrò lára awọ inú. Ní tiwa, ọ̀bẹ ìyá ọlọ́sàn ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán. Èèpo abẹ́ àtẹ, awọ òde ni. Awọ funfun bá ọsàn lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, ó mu ún tán, ó sọ háhá nù.

Háhá tó ti dé ẹnu ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún omi ọsàn sínú ike fún ìnáwó, tàbí àwọn tó ń tà á ní Ìbarà àti Pánsẹ́kẹ̀, ni ẹ ti máa rí háhá tí ẹnu kò kàn. Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ awọ òde kúrò kí wọ́n tó fún un, nítorí náà ẹ lè rí oríṣi méjèèjì lọ́dọ̀ wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàárọ̀ ni mo máa ń gbé garawa ọlọ́mọrí lọ fún wọn. “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, inú èyí ni kí ẹ máa bá mi bẹ èèpo sí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá tàbí yẹ̀pẹ̀ bọ́ sí i. Mo ń bọ̀ wá gbé e ní agogo 4.” Mo máa ń san owó díẹ̀ fún un. Àwọn kan sọ fún mi pé kí ni mò ń sanwó ìdọ̀tí fún, ṣùgbọ́n èèpo tí ẹnì kan fara balẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún yín kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ọsàn kiri nínú bárò náà máa ń gbà bí ẹ bá bá wọn sọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ tí ẹ kó o ni kí ẹ ṣe é. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kó àpò 2 jọ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní ó di Mọ́ńdè. Nígbà tí mo tú àpò náà, ó ti gbóná nínú, ó ti bu, ohun funfun àti aláwọ̀ ewé ti bò ó. Mo dà á nù pátá. Èèpo tó bá ti bu, kò sí ohun tí a lè fi ṣe fún jíjẹ tàbí fún ara. Bí kò bá sí àyè lọ́jọ́ náà, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 2 lọ.

Yíyọ òróró pẹ̀lú oru omi

Bí limonene bá dá wà, kì í hó títí ooru yóò fi tó 176°C. Òun ló sì kó ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún òróró ọsàn. Ṣùgbọ́n bí òun àti omi bá jọ wà nínú ìkòkò kan, torí pé wọn kì í pò pọ̀, oru àwọn méjèèjì á ran ara wọn lọ́wọ́, wọn á jọ gbéra kí ooru tó pé 100°C. Ìdí nìyí tí a kò fi nílò kẹ́míkà kankan. Omi àti iná ti tó.

Ohun èlò: ìkòkò tó gba nǹkan bíi lítà 20 tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa, ajere irin tàbí òkúta mélòó kan tí èèpo yóò jókòó lé kó má bàa kan omi, páìpù bàbà gígùn bíi mítà 3, irú èyí tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lò, garawa omi tútù, ìgò olọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, àti fúláwà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alurinmọ́rin jó páìpù náà mọ́ ojú ihò kan lórí ọmọrí. Ẹ rọra ká ìyókù rẹ̀ mọ́ ara ìgò kan kó lè rí bíi wáyà tó ká, ẹ gbé ibi tó ká náà sínú garawa omi, kí ẹnu rẹ̀ yọ jáde nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ garawa. Ibi tó yọ sí, ẹ dí i kí omi má jò. Gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ máa dà sísàlẹ̀. Ibi tó bá tẹ̀ kòrókòró ni omi yóò dúró sí, yóò sì dínà oru.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ fi omi tútù ṣan 5 kílò èèpo wéré, ẹ má rẹ ẹ́. Ẹ gé e kékeré pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ sì yára, torí gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá kàn ni òróró ti ń sá. Ẹ da lítà 5 omi sínú ìkòkò, ẹ gbé ajere sí i, ẹ tẹ́ èèpo lé e láìkì í mọ́lẹ̀, kí oru lè ráyè gbà. Ẹ dé ọmọrí, ẹ po fúláwà mọ́ omi kó le bí èyí tí a fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì, ẹ fi lẹ ìdí ọmọrí yíká.

Fúláwà yìí ní iṣẹ́ kejì tó ju àtidí oru lọ. Bí nǹkan bá dí páìpù, òun ni yóò kọ́kọ́ já, oru á gba ibẹ̀ jáde, ìkòkò kò ní bú gbàmù. Nítorí náà, ẹ má fi wáyà so ọmọrí mọ́lẹ̀, ẹ má gbé òkúta lé e, ẹ má sì ki ẹnu páìpù bọ inú ìgò tí ẹ ti dí pa. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dáná.

Ẹ koná títí omi yóò fi hó, kí ẹ wá dín in kù. Ohun tó ń kán láti ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ tutù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bó bá ń gbóná, omi garawa ti gbóná nìyẹn, ẹ bù ú kúrò, ẹ da òmíràn sí i. Ẹ má sọ omi gbígbóná yẹn nù, a máa lò ó fún pẹ́kítìn. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 àkọ́kọ́ ni òróró máa ń wá jù. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀ sí 2, omi nìkan ni yóò máa kán, ó yẹ kí ẹ paná.

Òróró ọsàn fúyẹ́ ju omi lọ, lítà kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 840. Orí omi ni yóò léfòó sí nínú ìgò. Ẹ rọra rọ omi kún ìgò láti ìsàlẹ̀ títí òróró yóò fi gòkè sí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí ẹ wá fi sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á. Nínú 5 kílò èèpo, bíi mílílítà 15 sí 40 ni ẹ lè retí, ó wà lọ́wọ́ bí èèpo bá ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó àti bí ẹ bá ṣe dí oru tó. Kò pọ̀. Ẹni tó bá ń ra èédú nítorí rẹ̀ nìkan yóò pàdánù. Mo ń dáná mi nígbà tí mo bá ti ní iná ọṣẹ tàbí iná ogì nílẹ̀, mo sì máa ń fi lẹ́búlẹ́bú igi láti ibi ìlagi kún un. Omi olóòórùn tó kù lábẹ́ òróró dára fún fífọ ilẹ̀ àti fún pípo ọṣẹ olómi.

Ìgò tí òróró ń kán sí gbọ́dọ̀ jìnnà sí iná. Ooru tí kò ju nǹkan bíi 48°C lọ ti tó kí oru limonene gbiná. Inú ìgò dúdú ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Mo ti tọ́jú tèmi sínú ike pẹlẹbẹ rí, nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ike náà ti rọ̀, ó ti tẹ̀, òróró ti jò sórí tábìlì. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ló máa ń yọ́ ọ dànù.

Fún ọṣẹ, mílílítà 10 sí 20 tó fún kílò kan. Òróró náà tún ń bọ́ ṣingọ́ọ̀mù lára aṣọ, ó ń bọ́ gíríìsì lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ má mu ún, ẹ má sì fi pa ara bẹ́ẹ̀ láìpò ó mọ́ òróró mìíràn. Èyí tó bá ti pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́, tó wá ń rùn bíi kẹ́míkà ọ̀dà, lè mú ara yún, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ fífọ̀. Bó bá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ ni ẹ ń lò, oru omi nìkan ni kí ẹ fi yọ òróró rẹ̀. Èyí tí a bá fún jáde láìsí iná máa ń gbé nǹkan kan dání tó ń jẹ́ kí oòrùn jó awọ ara.

Pẹ́kítìn láti inú háhá

Ará Faransé kan, Henri Braconnot, ló kọ́kọ́ yọ pẹ́kítìn sọ́tọ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1825. Títí di òní, ara ọsàn àti ápù ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Bí háhá bá gbẹ, ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ pẹ́kítìn. Ohun tó pọ̀ tó báyìí ni à ń dà sí gọ́tà.

Ìkòkò alumíníọ́mù kò dára fún èyí, torí ìkan, ìyẹn ásíìdì tí a ó fi sí i, yóò jẹ ẹ́. Abọ́ tánganran tí kò tíì bó, tàbí ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún, ni kí ẹ lò.

Ẹ yọ hóró kúrò lára kílò kan háhá, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ mú omi gbígbóná tí ẹ bù nínú garawa nígbà tí ẹ ń yọ òróró, bó bá mọ́, ẹ gbé e kaná kó hó, ẹ da háhá sí i fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sẹ́ omi náà nù. Ìbọ̀ yìí ń gbé ìkorò àti ṣúgà tó kù lọ, ó sì ń pa ohun kan nínú háhá tó máa ń ba pẹ́kítìn jẹ́ bí a bá gé e sílẹ̀. Ẹ fún háhá náà dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ìkan yóò wọ̀ ọ́. Ẹ da lítà 4 omi mímọ́ sí háhá, kí ẹ fi ìyẹ̀fun sítíríìkì (citric acid) tí àwọn tó ń ṣe ohun mímu ń rà lọ́jà sí i. Bó bá jẹ́ jáàmù ni ẹ fẹ́ lò ó fún, gíráàmù 10 fún lítà kan tó, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 2 tí kò ga. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ pẹ́kítìn di gbígbẹ, ẹ lè lo gíráàmù 20, kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n ìkan, wà nítòsí 2. Bébà pH wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, kò wọ́n, ó sì dára ju kí a máa fi ahọ́n méfò.

Ẹ gbé e kaná jẹ́jẹ́, kó wà láàárín 80 sí 90°C fún wákàtí kan. Omi yóò máa mì, èéfín yóò máa rú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa hó yaya. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n rò pé bó bá ṣe hó pẹ́ tó ni pẹ́kítìn yóò ṣe pọ̀ tó. Pẹ́kítìn dà bí okùn gígùn, ooru tó pọ̀ jù máa ń já okùn náà sí wẹ́wẹ́, èyí tó já kò sì lè mú jáàmù dì. Ẹ máa rò ó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sẹ́ ẹ nínú asẹ́ ogì tó mọ́, tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Ẹ jẹ́ kó kán fúnra rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó fún un. Ẹ lè da lítà kan omi gbígbóná sí háhá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Kí ẹ wá jẹ́ kó rọra fà lórí iná kékeré títí yóò fi ku ìdajì.

Ẹ dán an wò báyìí: ṣíbí kan omi pẹ́kítìn tó ti tutù, ṣíbí 2 ẹ̀mí-ọtí (ẹtánólù) líle, kí ẹ rọra mì ín. Bó bá dì bí ẹ̀kọ tútù tí ẹ lè fi fọ́ọ̀kì gbé, ó lágbára. Bó bá ń já wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wọ̀n owú, kò tíì tó, ẹ jẹ́ kó fà sí i. Ẹ da ohun tí ẹ fi dán an wò nù, kì í ṣe fún jíjẹ.

Fún jáàmù ìbẹ́pẹ, kílò kan ìbẹ́pẹ tó pọ́n, kílò kan ṣúgà, àti mílílítà 300 omi pẹ́kítìn. Ẹ sè é títí yóò fi tó 104 tàbí 105°C. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n ooru, kí ó kán an sórí àwo tó ti wà nínú fíríìsà, kó fi ìka tì í. Bó bá hunjọ, ó ti jinná. Pẹ́kítìn ọsàn kò ní dì bí ṣúgà kò bá ju ìdajì lọ nínú jáàmù náà tàbí bí ìkan kò bá sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dín ṣúgà kù torí ìlera, kó má dá pẹ́kítìn lẹ́bi.

Omi pẹ́kítìn yìí lè wà nínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nínú fíríìsà ó lè ju oṣù mélòó kan lọ. Fún ilé àti fún òwò kékeré, ibẹ̀ ni mo ní kí ẹ dúró sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kó gbẹ

Ẹ̀mí-ọtí tó lágbára ní ìlọ́po 2 omi pẹ́kítìn ni a ń lò. Pẹ́kítìn á dì, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó tún fi ẹ̀mí-ọtí fọ̀ ọ́, a ó sá a níbi tí ooru kò ju 50°C lọ, a ó sì lọ̀ ọ́. Ògógóró lásán kò lágbára tó. Ẹ má sì ra ẹ̀mí-ọtí tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀: ní ọdún 2015, mẹ́tánólù tó wọ inú ọtí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Bí ẹ bá da ẹ̀mí-ọtí náà nù lẹ́yìn lílò, owó ti lọ, àǹfààní tí ẹ ń wá fún àyíká sì ti bàjẹ́. A lè gbà á padà nípa mímú kó hó, ṣùgbọ́n oru rẹ̀ máa ń gbiná ju ti limonene lọ. Èmi kì í ṣe é ní ilé, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é lórí iná èédú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ibi tí yàrá ìwádìí wà. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, tí ẹ lè lọ bá. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta pẹ́kítìn tàbí jáàmù fún ará ìta, ẹ gba ìwé NAFDAC kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ìgò.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀

Èèpo ọsàn nìkan kọ́ ló ní ohun tó wúlò nínú. Èèpo àti àárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní bromelain, tó máa ń gé okùn inú ẹran. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ dà á sínú ike yìnyín, ẹ gbé e sí fíríìsà. Fún adìẹ àgbà tàbí ẹran tó yi, ṣíbí ọbẹ̀ 2 fún kílò kan, ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó. Bó bá sùn nínú rẹ̀, ẹran náà yóò rà bí èkuru. Iná a máa pa á, ẹ má ṣe sè é kí ẹ tó lò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá pọ̀, torí ó máa ń jẹ ọwọ́ bí ó ṣe ń jẹ ẹran.

Èyí tó kù

Èèpo tó jáde nínú ìkòkò òróró ti rọ̀, limonene rẹ̀ ti lọ, yóò tètè jẹrà báyìí. Háhá tí a yọ pẹ́kítìn lára rẹ̀ ṣì kan gan-an. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fún ewúrẹ́ tàbí màlúù, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì fi kọ́ wọn, pẹ̀lú koríko. Bó bá jẹ́ inú kòtò ilẹ̀dú ló ń lọ, ẹ fi ìkúnwọ́ 2 eérú igi bá garawa kan háhá pò, eérú yóò pa ìkan rẹ̀. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ kòtò, háhá àti èèpo tẹ̀ lé e, ewé gbígbẹ tún bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sí i bí ẹ bá ti ń yí i, torí ó máa ń gbẹ kí ó tó jẹrà.